Òkè Odò Ni Mo Wí

Iṣẹ́ wolé-wolé kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe kí ayé lè fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ti yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, ẹni tí kò tíì gbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgbálẹ̀, ẹni tí omi rẹ̀ wà ní ṣíṣí á sáré wá ọmọrí. Àwọn ọmọdé ti sọ mí ní Màmá Ẹ-Ṣí-i-Kí-n-Wò-ó, nítorí pé kò sí àgbá tàbí ìkòkò tí mo máa kọjá lára rẹ̀ tí mi ò ní sọ pé kí wọ́n ṣí i, kí n wò ó bóyá tánwíjí wà nínú rẹ̀. Mi ò bá wọn bínú. Ẹ̀fọn tí mo bá ti pa nígbà tó ṣì wà ní tánwíjí, kò lè jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ omi ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà títí irun rẹ̀ fi funfun, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ohun tó kù fún un ni ilé oníyàrá mẹ́ta, ìyàwó tó gbọ́n jù ú lọ, àti ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò lẹ́yìn ìlú. Ilẹ̀ náà dùn-ún wò. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, koríko rẹ̀ sì máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù bá gbẹ táútáú. Ó yẹ kí koríko yẹn ti ta mí lólobó, èmi tí mo pe ara mi ní wolé-wolé. Ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wo ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹni kì í mú tó ojú tí a fi ń wo ti ẹlòmíràn.

Òun nìkan kọ́ ló ra ilẹ̀ níbẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Káfíńtà, ni wọ́n jọ rà á nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì lágbára, ti ẹ̀gbọ́n mi níhìn-ín odò, ti Káfíńtà lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí òkúta sì pọ̀. Èrò wọn ni pé bí àwọn bá dàgbà, oníkálukú á gbé àga síta, wọn á sì máa bú ara wọn lórí omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí ọjọ́ náà tó dé ni Káfíńtà ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan fún ẹ̀gbọ́n mi. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ga, ó ń dán, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀, àfi pé kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Dípò kí ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pe ẹni tó ṣe é, ayùn ló mú. Ó rẹ́ ẹ sí méjì lójú gbogbo àdúgbò, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń rẹ́ ẹ, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, Káfíńtà sì dé bá a lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn yí padà ni. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lọ́nà, èkejì á yà bàrá. A bẹ̀ wọ́n títí, ó sú wa. Àwọn àgbàlagbà méjì ni o, tí wọ́n tó bímọ lọ́mọ.

Nígbà tí ogun lé àwọn ènìyàn wọ ìlú wa, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a kọ́kọ́ kó wọn sí. Wọ́n ti àwọn bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri, wọ́n tẹ́ ẹní sáàárín, ìdílé bíi mẹ́fà nínú kíláàsì kan. Ìṣirò tí olùkọ́ kọ kẹ́yìn ṣì wà lójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ wọn sì máa ń pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n tó kọ tiwọn sí i. Ogúnléndé ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, bí ẹni pé orúkọ ìdílé wọn nìyẹn. Ìyá Aránṣọ ni olórí wọn. Kò sẹ́ni tó yàn án. Ó kàn jẹ́ pé bó bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣe é ni. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Orí máṣíìnì rẹ̀ ló rù sá kúrò níbi ogun, ó fi àwọn ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń jagun. Ó ní ìkòkò kì í bọ́ ènìyàn, máṣíìnì ló ń bọ́ ènìyàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń lọ sílé lọ́sàn-án ni wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá yẹn fún, kì í ṣe àwọn tó ń sùn tí wọ́n sì ń jí níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kún. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọdé, lónìí ọ̀kan, lọ́la méjì, Ìyá Aránṣọ ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn mu láti àárọ̀ di alẹ́. Ìkùukùu ti ń ṣú lápá ibi tí òjò ti máa ń wá. Bí òjò bá fi lè bá wọn níbẹ̀, ohun tó wà nínú ṣáláńgá yẹn máa jáde wá kí gbogbo wa ni.

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì pe ìpàdé, ó ní ta ló nílẹ̀ tí a lè pàgọ́ sí. Kálukú ń wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bá dìde, ó ní kí wọ́n gba tòun, òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ tó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan ju pé ṣé ara le. Báyìí àwọn ènìyàn ń dìde kí i ní títì. Ó fọ fìlà rẹ̀ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé e lọ síbi gbogbo, àní títí dé ilé onígbàjámọ̀. Ó wá pákó kan, ó fi ọ̀dà kọ IBÙDÓ DẸ́RẸ́BÀ sí i gàdàgbà, ó rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò tíì rí i kó jí tayọ̀tayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Inú èmi náà dùn, mi ò ní parọ́. Mo ń sọ fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Àmọ́ iṣẹ́ tiwa ṣì kù. Iṣẹ́ náà kò ju kí a bi ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ lọ. Bí a bá gbẹ́ ṣáláńgá sí ọ, ṣé wàá gbà á ni, àbí wàá dá a padà fún wa? Òjò tó bá rọ̀, ibo lo máa ń gbé e gbà? Afẹ́fẹ́ ńkọ́, apá ibo ló ti ń fẹ́, kí òórùn má baà bá ẹni tó ń jẹun nínú àgọ́? Ilẹ̀ kì í purọ́, ṣùgbọ́n àfi kí o gbẹ́ ẹ kó tó dáhùn. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Èmi ní ilẹ̀ là á wò kí á tó pàgọ́. Mo ti dá ọjọ́ tí a máa gbẹ́ ihò àyẹ̀wò, a sì ti bá Agbẹ́kànga sọ̀rọ̀ pé kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá lẹ́yìn náà.

Agbẹ́kànga kò dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí ni, ara rẹ̀ yá jù, ìlú míràn sì ti ń retí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó kó gbogbo nǹkan rẹ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, ó wá tẹ̀ mí láago láti ẹ̀bá odò pé ibo ni kí òun gbẹ́ ẹ sí. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ di eré, wọ́n ń lu bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi ọṣẹ sọ ara wọn. Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Mo dí etí kan, mo pariwo sínú fóònù pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí kànga sún mọ́ ibi tí ṣáláńgá máa wà. "Òkè odò," mo ní. "Òkè odò ni mo wí o." Ó ní ó ti yé òun. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, ojú ilẹ̀ yẹn dára, mo mọ̀ ọ́n. Ẹyin lohùn, lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ méjì kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lọ sí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, ó dúró ti pákó rẹ̀, fìlà funfun lórí. Ìyá Aránṣọ náà tẹ̀ lé wa. Mo sọ fún un pé kó sinmi, ó ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ibi tí àwọn ènìyàn òun máa sùn, òun máa kọ́kọ́ fojú rí i. A ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ Agbẹ́kànga lókèèrè. Mo rò pé ẹ̀yìn àwọn igi tó wà lókè ilẹ̀ wa ló wà.

Wọn ò tíì gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ dé ìbàdí tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tó sì ń rọ̀. Kí á tó mọ̀, omi ti ń yọ. Kò pariwo, jẹ́jẹ́ ló ń yọ, ó sì ga dé orúnkún ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. A sún síwájú, a gbẹ́ òmíràn. Omi. A lọ sí ìdí pákó ẹ̀gbọ́n mi, a gbẹ́ ibẹ̀ náà. Omi ni, tòun ti ọ̀pọ̀lọ́ kan tó fò sínú rẹ̀ tó jókòó bí onílé. Mo wá gbójú sókè wo àwọn igi, mo rí koríko gbígbẹ tó há sí ẹ̀ka wọn ní ìwọ̀n èjìká mi. Ẹyẹ kọ́ ló gbé e síbẹ̀. Àkúnya omi ọdún tó kọjá ló fi í síbẹ̀ nígbà tó ń lọ.

Bí a bá gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀, omi ilẹ̀ àti ohun tó wà nínú ṣáláńgá á di ọ̀rẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Bí odò bá wá kún, àgọ́ á léfòó, ọmọ á sì léfòó pẹ̀lú rẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé òun náà ti rí omi, ó kàn ń ṣe bí ẹni pé kò rí i ni.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rọra sọ fún un pé ilẹ̀ yìí kò lè gba ibùdó. Ó ní kí lòun ń gbọ́ yẹn. Ó ní iyanrìn ni òun máa dà sí i, àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ní típà ṣì wà láyé. Mo ní iyanrìn kì í lé omi lọ, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ó bínú. Ó ní ìgbà tóun ń wa ọkọ̀, kò sí ibi tí kò ṣeé kọjá fún òun, kí n má wá fi ihò mẹ́ta ba òun lórúkọ jẹ́. Ó ní òun máa bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, nítorí pé ọ̀gá mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kò sí ilẹ̀ míràn lọ́wọ́, pé bí onílẹ̀ bá ṣáà ti fẹ́, ká kó wọn síbẹ̀ kí òjò tó dé, ká wá máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá takú, inú omi yẹn náà ni wọ́n máa kó Ìyá Aránṣọ àti àwọn ọmọ tó ń fún ní omi oníyọ̀ lọ.

"Kí ni mo máa wí fún wọn?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀. "Gbogbo ìlú ló ti gbọ́. Ṣé kí n wá lọ káàkiri máa sọ pé ilẹ̀ mi ò wúlò fún nǹkan kan?"

Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé mi ò ní gbà fún un. Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni ariwo ẹ̀rọ dáwọ́ dúró, a sì gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo ayọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yìn igi wa ni ohùn náà ti wá. Ó wá láti òdì kejì odò, láti orí ilẹ̀ gíga olókúta yẹn. Mo yíjú, mo rí omi tó ń tú sókè funfun, mo rí Agbẹ́kànga tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo sì rí ọkùnrin kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí orí afárá onípákó tó dábùú odò náà. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, omi ti rin ín gbingbin láti orí dé ẹsẹ̀. Káfíńtà ni.

Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe tó yé mi. Lẹ́nu àwa wolé-wolé, òkè odò ni apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ìdọ̀tí má baà ṣàn kan omi mímu. Ṣùgbọ́n lẹ́nu gbogbo ọmọ aráyé yòókù, òkè odò ni òdì kejì. Ẹni tó bá ti sọdá, òkè odò ló lọ. Agbẹ́kànga gbọ́ Yorùbá dáadáa. Èmi ni mi ò sọ ọ́ bí ènìyàn. Ó ti sọdá afárá, ó ti lọ gbẹ́ kànga ìjọba sórí ilẹ̀ ọ̀tá ẹ̀gbọ́n mi.

Káfíńtà ti dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi kí n tó rí ibi sá sí. Ó dúró, omi ń kán lára rẹ̀. Lójú tèmi, mo ti ń wo ibi tí màá gbà dá sí ìjà.

"Dẹ́rẹ́bà," Káfíńtà ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí o ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé o fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn yìí, mo ní èmi náà ní ilẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó bi mí. Ó dùn mí. Àfi bí ọmọkùnrin yìí ṣe dé lánàá, tó ní wọ́n rán òun sí òkè odò. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní àwọn tó ni ibùdó ìhín ni. Mo mọ̀ pé ìwọ ni." Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sí i. "Mo wá dúpẹ́ ni."

Agbẹ́kànga ti tẹ̀ lé e dé, ẹrẹ̀ kún ara rẹ̀, ó ń fẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Ó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Òkè odò ni wọ́n ní, òkè odò náà lòun lọ, omi tó wà níbẹ̀ sì dùn bí oyin. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ pé àṣìṣe ni, pé èmi ni mo sọ ọ́, pé ohun tí mo wí kọ́ ló gbọ́. Báyìí ni ara mi ṣe rí: bí òótọ́ bá ti dé ẹnu mi, àfi kí ó jáde. Ìyá Aránṣọ, tó ti sún mọ́ mi, fi gìgísẹ̀ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Mo pa ẹnu mi dé.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ tí Káfíńtà nà sí i. Ó wo ihò tí ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀. Ó wo pákó rẹ̀. Ó wò mí, mo sì rí i pé ó ti mọ gbogbo rẹ̀, pé ó mọ̀ pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹnu rẹ̀ ni ìbùsùn àwọn ọmọdé yẹn wà báyìí. Bó bá ní òun ò rán ẹnikẹ́ni, Káfíńtà á sọdá padà, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ lé e kúrò níbẹ̀.

"Èmi ni mo rán an," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó gba ọwọ́ náà. "Ilẹ̀ tìrẹ ló dára jù fún wọn. Èmi ni mo ní kó wá bá ọ."

Káfíńtà di ọwọ́ náà mú, kò fi sílẹ̀, àwọn méjèèjì dúró bí àwọn tó fẹ́ jọ gbé nǹkan wúwo. Nígbà tó ṣe, ó bi í léèrè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìdajì rẹ̀ wà ní yàrá, ìdajì wà ní kíṣìnì, ìyàwó òun ń kó àwo sí i, ó sì ní kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tó wúlò tó o láyé. Káfíńtà ní ó yẹ kóun ti wọn ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó yẹ kóun náà ti ju ayùn yẹn nù. Ẹ̀rín pa wọ́n, àwa náà bá wọn rín in, mo sì ń sunkún díẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Nítorí ẹsẹ̀ nìkan kọ́.

A kó ọkọ́ sọdá ní ọjọ́ náà gan-an. Ilẹ̀ Káfíńtà le. Àwọn òṣìṣẹ́ bú mi títí wọ́n fi gbẹ́ ihò ibẹ̀ kọjá orí ara wọn. Gbígbẹ ni, títí dé ìsàlẹ̀. A da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i, ilẹ̀ rọra mu ún, kò yára jù, kò sì lọ́ra. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sápá kan, tó jẹ́ pé òjò á mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ láìgba inú àgọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń fi téèpù wọn ilẹ̀ láti ẹnu kànga lọ sí ibi tí ṣáláńgá máa wà, tí mo jẹ́ kó jìnnà sí i dáadáa, níbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa gbé òórùn lọ sínú igbó, mò ń kọrin. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ò mọ̀ pé wolé-wolé máa ń kọrin.

Ìyá Aránṣọ kò jẹ́ ká sinmi. Ó ní kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin má kọjú sí ọ̀nà, kó sì ní ìkọ́ nínú, kí iná sì wà lọ́nà ibẹ̀, nítorí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹ̀rù ń ba ènìyàn láti lọ, bí aláìsí ni. Ó ní kí a má pàgọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ogun, àwọn ti rí ọmọ ogun tó. Kí a jẹ́ kí ìdílé díẹ̀díẹ̀ kọjú síra wọn, kí wọ́n lè bá ara wọn wo ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Káfíńtà ló ṣe àwọn ilẹ̀kùn náà. Kí ó tó gé pákó kankan, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó tún un wọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í, ó ń bi í pé ṣé ó dá a lójú.

Pákó IBÙDÓ DẸ́RẸ́BÀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fà á tu. Ó gbé e léjìká sọdá afárá, ó fi ọ̀dà pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, ó kọ ÒKÈ ODÒ sí i. Bí àwọn ènìyàn bá bi í pé ilẹ̀ tirẹ̀ dà, ojú á kọ́kọ́ tì í díẹ̀. Ìyá Aránṣọ ló gbà á lọ́wọ́ ìtìjú yẹn. Ó rìn gba inú ilẹ̀ náà já, ó bu erùpẹ̀ dúdú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Akùrọ̀ gidi lẹ ní yìí. Ilẹ̀ tó kọ ṣáláńgá, ṣebí ẹ̀fọ́ ló ń wá." Àwọn tó ń sùn lókè odò bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá láàárọ̀ wá gbin tòmátì, ata àti ẹ̀fọ́ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń rìn láàárín ebè, ó ń fún wọn nímọ̀ràn lórí nǹkan tí kò mọ̀ rárá. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ṣe é bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Òjò àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó rọ̀ gan-an. Nígbà tó dá, èmi sáré lọ sí ibùdó, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi. Omi ti bo ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ọ̀pọ̀lọ́ ń pariwo. Ní òkè odò, omi ń gba inú kòtò tí a gbẹ́ fún un lọ, ilẹ̀ àgọ́ gbẹ, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá kan sì ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n wá fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru mú. Mo wo inú gbogbo àgbá wọn. Mi ò rí tánwíjí kan.

Àwa méjèèjì nìkan la jọ ń padà bọ̀. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan sínú láti ọjọ́ kànga, mi ò sì lè gbé e mọ́. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ purọ́ lọ́jọ́ yẹn o. Ẹ̀yin kọ́ lẹ rán ọmọkùnrin yẹn."

Ó bojú wẹ̀yìn wo òkè odò.

"Irọ́ kọ́," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí mo máa rán ni mi ò rí."